Ìkòkò Baba Lábẹ́ Bátìrì

Kétu, 1962

Ẹ̀gbọ́n mi Àmúdà,

Gbogbo ilé ń kí yín ní Dakar. Ẹsẹ̀ Ìyá ti san, ṣùgbọ́n kànga ti gbẹ.

Bátìrì tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, àmpúùlù, gílóòbù rẹ̀, sì tàn. Fóltì méjìlá, ámpéè méjì. Mo fi méjì pín méjìlá, ìdènà jẹ́ óòmù mẹ́fà. Mo sọ méjìlá di ìlọ́po méjì, agbára jẹ́ wáàtì mẹ́rìnlélógún. Báwo ni ohun tó ń dènà iná ṣe tún ń mú un tàn?

Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní “agbara” ń jáde nínú bátìrì, ẹ kò sì fi àmì sí i. Nígbà tí mo kà á fún Baba, “àgbàrá” òjò ni mo pè é. Ló bá gbé ìkòkò omi sábẹ́ bátìrì. Mo ti ṣàlàyé fún un. Ó ní Àmúdà kì í purọ́.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì: ìkòkò náà ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Ṣàkírátù