Màmá Olóyin, Tí Wọ́n Rí Ojú Oró Tó Pa Oyin Ilé Wọn

A bí màmá wa ọ̀wọ́n ní ọdún 1949, sínú ìdílé tí wọ́n ti ń sin oyin láti ìran dé ìran. Bàbá wọn àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn, jẹ́ ọmọ ìyá méjì tí kì í dá jẹun.

Ní ọdún 1958, àrùn wọ inú oyin bàbá wọn. Ìdin oyin jẹrà sínú afárá. Bí a bá fi igi ìṣáná kàn án, á máa fà bí oje igi. Nínú iṣẹ́ wọn, sísun ni wọ́n ń sun irú ilé oyin bẹ́ẹ̀. Bàbá sun gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan tí ìyá òun àti Bàbá Kékeré fi ọwọ́ ara wọn kàn kí wọ́n tó kú. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ta àbúrò wọn lọ́rẹ. Ìfẹ́ ni. Oyin àbúrò náà kú tán. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fi májèlé ránṣẹ́ sí mi." Bí ọmọ ìyá ṣe dẹni tí kì í kí ara wọn mọ́ nìyẹn. Ó dun màmá wa wọra, wọ́n sì pinnu pé àwọn á wá ohun tó pa oyin náà rí.

Wọ́n kàwé, wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1978, wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tí kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé àfi oyin. Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi lọ fẹ́ olóyin.

Ní láàbù, Màmá rí i pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń tu oró sínú ìfun ìdin. Oró náà pín sí méjì: apá kan ń ṣílẹ̀kùn, ìkejì ń wọlé lọ de àwọn òpó tó gbé inú ìfun náà ró, gbogbo rẹ̀ á sì wó. Kí wọ́n tó lè rí ìrísí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì bí ẹyọ iyọ̀. Ó kọ̀, kò dì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká pa á tì." Wọ́n ní, "Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ní ọdún 1996, ó dì. Wọ́n rí ẹnu oró náà kedere, wọ́n sì rí ohun tó lè dí i.

Bàbá wa gbẹ́ ìrísí náà sára pákó, Màmá sì gbé e lọ bá Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré yí i lọ́wọ́ títí.

"Nǹkan yìí ló pa oyin mi?"

"Òun ni, Bàbá. Kòkòrò tó ń tu ú ti sùn sínú pákó ilé oyin yẹn. Ọṣẹ ò ràn án."

Bàbá Kékeré gbé pákó náà lélẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹun.

Ẹni Ọlọ́run ni Màmá. Wọn kì í pa ìsìn jẹ, bí orin wọn kì í tilẹ̀ bá tẹnikẹ́ni mu. Olùsin oyin tó bá ń sunkún ilé oyin rẹ̀, wọ́n á ní, "Sun ún, mo ní tuntun fún ọ." Bàbá wa ló ń kan án.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọdún 2021. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti Bàbá Kékeré sáyé, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, tí wọ́n ṣì ń sin oyin.

Ẹ sinmi re, Màmá Olóyin. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá wa kí bàbá yín. Ẹ sọ fún wọn pé àbúrò wọn ní oyin òun ń ṣe dáadáa.