Iṣẹ́ Tí Mo Ní Kò Wúwo

                                        Hellersdorf,
                                        Berlin.
                                        18 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Èmi Mọ̀ríámọ̀, aládùúgbò Baba Bádárù, ni mo kọ ìwé yìí. Baba ló ń sọ ọ́ lẹ́nu, nítorí wọn kò kàwé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè sọ lórí fóònù ni.

Adéfọláhàn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Hamburg? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara èmi le, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí.

Nígbà tó o pè mí lánàá, o ní láti ìgbà tí wọ́n ti lé Fẹ́yìsetán ọmọ rẹ kúrò níbi iṣẹ́ tó sì padà sọ́dọ̀ rẹ, o kì í bá a jẹun mọ́, pé fóònù ló ń tẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.  Kì í ṣe fóònù. Èmi ni.

Ní oṣù kẹjọ, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sophie wá sí ilé-iṣẹ́ wa ní Tempelhof, níbi tí a ti ń yẹ ìgò oògùn wò. Ó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń ni ọpọlọ wa lára tó. Ó pín ìwé tó ní ìlà mẹ́fà: ọ̀kan fún ìrònú, ọ̀kan fún ìkánjú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rọ̀ lọ́rùn á sàmì sí òsì, ẹni tó ń ni lára á sún un sí ọ̀tún. Ọmọ rẹ kà á fún mi. Mo ní kó sàmì sí ìpẹ̀kun òsì. Ọmọ àgbẹ̀ kì í sọ níwájú àlejò pé iṣẹ́ wúwo. Bàbá mi ń kọ igba ebè lójúmọ́, kò sọ ọ́ rí.

Fẹ́yìsetán ní, "Ẹ gbọ́ ná, Bàbá, orí ni wọ́n ń bi wá, kì í ṣe apá. Ìgò ogójì ló ń kọjá lójú mi ní ìṣẹ́jú kan. Tí mo bá délé, mo ṣì ń rí ìgò lára ògiri."

Èyímofẹ́ tó ń di páálí bú sẹ́rìn-ín: "Ó kù kí wọ́n máa kí ọ káàárọ̀!"

Èmi ní, "Ṣé o ń ru ìgò ni? Ọ̀lẹ! Má dójú tì wá."

Èmi ni àgbà láàárín wa. Gbogbo wa sàmì sí òsì, títí kan òun.

Àwọn ọ̀gá ka ìwé wa, wọ́n ní iṣẹ́ wa rọrùn. Wọ́n mú ẹnì kejì tó ń bá Fẹ́yìsetán yẹ ìgò kúrò, wọ́n sì mú kí ẹ̀rọ yára sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìgò mẹ́sàn-án tó ti sán fi gba iwájú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kò bìkítà. Ó wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo tẹjú mọ́ ìdérí tí mò ń kó. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, Adéfọláhàn, ọmọ tìrẹ sì ni.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Leon tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń lọ bá Betriebsrat, ìgbìmọ̀ tó ń gbèjà òṣìṣẹ́. N ó sọ pé èmi ni mo pàṣẹ àmì náà. Bóyá wọ́n á gbà á padà, bóyá wọ́n á lé èmi náà, n kò mọ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Má bá mi bẹ Fẹ́yìsetán. N ó wá fúnra mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má dúró de ìdáhùn wọn kó o tó bá ọmọ rẹ jẹun.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣe bí ọ̀rẹ́,
                                        X
                                        (àmì ọwọ́ Bádárù)

Ó sọ ọ́ lójú wa:
Èyímofẹ́
Leon, tí Mọ̀ríámọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún ní èdè Jámánì