Ìbọn Tí Nadine Yàn

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Nadine ìyàwó mi fẹ́ ra ìbọn. Ìbọn ìléwọ́ kékeré, èyí tí yóò máa wà lára rẹ̀ lábẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni ò ní fura sí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bó ṣe ń ti ilé ìyá àgbà Teague, aláìsàn tó ń tọ́jú, bọ̀ lójú ọ̀nà Brushy, ọkùnrin méjì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Wọ́n ní kó sọ àpò oògùn sílẹ̀. Ó fi mọ́tò rìn sẹ́yìn títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀ o. Òní Ajé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní Garland Pruitt, nígbà tó yà ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn rẹ̀.

Garland. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ ṣì pé.

Mo gbé fọ́tì-fáìfù bàbá mi, ìbọn ìléwọ́ ńlá kan, jáde fún un. Ó gbà á, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́, ó sì gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé àwo oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní ibo ni òun fẹ́ fi eléyìí sí, ṣé inú ṣòkòtò ni àbí inú kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Garland kí mi, “Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá Verl, ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?” Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé mo já bọ́ látorí òpó iná ní oṣù kẹta. Mo ní ó ń sàn. Ó yí sí Nadine.

Kò bi í pé irú ìbọn wo ló fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ní kó nà. Ó yí i sókè, ó fi okùn wọn àtẹ́lẹwọ́ títí dé orí ìka tó fi ń fa ìbọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi fẹ́ ẹ, mi ò wọn ọwọ́ yẹn rí.

Ó tẹ́ aṣọ, ó to mẹ́rin sílẹ̀. Èyí tó kéré jù lọ, tírí-éétì: Nadine fẹ́ràn bó ṣe fúyẹ́, ṣùgbọ́n Garland ní ohun tó bá fúyẹ́ ló ń ta padà lu ọwọ́ ẹni jù. Aláyìípo, tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, tó ń gba ọta márùn-ún: ó le fún ìka rẹ̀ láti fà. Méjì tó kù, irú ìbọn tí wọ́n ń pè ní náìn, wọ́n pẹlẹbẹ. Mo ní ọta ńlá ló ń dá èèyàn dúró, kó mú fọ́tì-fáìfù.

“Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. “Ṣùgbọ́n ọta ńlá tó bá tàsé, ariwo lásán ni. Èyí tí Mísì Nadine bá lè fi bà á lẹ́ẹ̀mejì ló dára.”

Nadine rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Láti òní lọ, Ọ̀gá Náìn ni mò ń pe Garland nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Nadine yá ọ̀kan tí ò ní ọta nínú wálé. Ó wà ní yàrá, ó ń fa ìbọn òfìfo. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ọ̀gá Náìn ní kó ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Mo kà á. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Pápá ìyìnbọn. Àwọn obìnrin mẹ́fà, ọkùnrin kan, àti èmi lórí àga ike lẹ́yìn. Ọ̀gá Náìn dúró lẹ́yìn Nadine, ó tún ìgúnpá rẹ̀ ṣe. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi tún un ṣe, kì í ṣe ọwọ́. Mo rí i kedere pé igi ni. Inú ṣì bí mi.

Nadine yìnbọn nígbà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wọ inú àmì orí bébà tí wọ́n ń yìnbọn sí. Ó bojú wẹ̀yìn. Mo ti ń múra láti pàtẹ́wọ́ fún un kí n tó rí i pé èmi kọ́ ló ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Ó ti rà á. Náìn pẹlẹbẹ, ọta mẹ́wàá, dúdú. Kì í ṣe èyí tí mo nàka sí nínú méjèèjì.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láàárọ̀, ó ní kí n sọ ibi tí ìbọn wà. Mo wò ó níwájú, mo wò ó lẹ́yìn. Mi ò rí i. Gbogbo ara ìyàwó mi, mi ò mọ ibi tó fi ìbọn pamọ́ sí. Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Ó ní aago márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ìbọn máa parí. Aago mẹ́fà kọjá kó tó wọlé. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹta nídìí oúnjẹ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Kò jẹ tirẹ̀ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo parọ́ fún Doyle aládùúgbò wa pé bátìrì mọ́tò mi kú. Ó yá mi ní pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré aláwọ̀ eérú. Mo tẹ̀ lé Nadine láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ilé aláìsàn mẹ́ta, ilé epo, ilé. Kò yà síbì kankan.

Ó yẹ kí ojú tì mí. Inú mi dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ronú pé bóyá ọjọ́ mìíràn ni wọ́n ń pàdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Mo tún yá pikọ́ọ̀pù náà. Lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ mi bà wọ́n — ilé oúnjẹ ẹ̀bá títì, tábìlì ìdí fèrèsé. Òun àti Ọ̀gá Náìn. Bébà kan wà láàárín wọn, orí wọn sún mọ́ra. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ogún ìṣẹ́jú.

Nadine wakọ̀ lọ, mo tẹ̀ lé e. Ní ọ̀nà Brushy, níbi tí pápá ti tẹ́jú, ó ṣàdéédéé dúró sáàárín títì. Èmi náà dúró, bí ogójì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn. Oòrùn wà lẹ́yìn mi. Mo ní n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó bi í ní gbangba. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn mi ló ká mi mọ́bẹ̀. Ìrora náà gún mi bí mo ṣe yí ara, mi ò lè gbéra. Bó ṣe rọlẹ̀, ojora ti mú mi. Mo fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, mo gba ọ̀nà eruku sálọ.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹwàá

Ó sọ ọ́ fún mi nídìí tábìlì, gbogbo ẹ̀.

Pikọ́ọ̀pù eléérú kan ti tẹ̀ lé òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé àwọn méjì ọjọ́sí ni. Láti Ẹtì ló ti sọ fún Garland. Bébà ilé oúnjẹ yẹn, àwòrán ọ̀nà ni: ibi tó yẹ kó dúró sí, kó má ṣe wálé, kó má sọ̀ kalẹ̀, kó pe ọlọ́pàá. Ẹ̀rù ń bà á lọ́jọ́ náà débi pé Garland gbá a lọ́wọ́ mú kó lè gbọ́ràn.

Mo bi í pé èé ṣe tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Ṣé kí o lè gbé ẹ̀yìn yẹn dìde, kí o máa wá wọn kiri inú igbó? Mi ò fẹ́ sin ọ́, Verl.”

Lẹ́yìn náà ló sọ pé nígbà tí òun dúró lójú ọ̀nà Brushy, òun ti yọ ìbọn, òun ti gbé e lé itan. Ó ń wo dígí. “Ká ní ó ṣílẹ̀kùn, tó sì sọ̀ kalẹ̀, ǹ bá yìnbọn lù ú. Mo ti pinnu. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.”

Mo ní kó jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Ọlọ́pàá ti lọ sílé Doyle nítorí pikọ́ọ̀pù. Doyle pè mí. Ó ní òun ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Nadine láàárọ̀, kó tó wọ bàtà. Mo ní èmi ni mo wà nínú pikọ́ọ̀pù yẹn. Mo ní owú ni. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé èdè mìíràn ni mò ń sọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. “Nígbà tí a dúró yẹn, ibo ni ọwọ́ rẹ wà?”

Mo ní, “Lára ilẹ̀kùn.”

Ó jókòó. Ó yọ ìbọn láti ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, apá ọ̀tún, lábẹ́ bẹ́líìtì tí mi ò rí rí. Ó yọ àpótí ọta, ó yọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó wọ ilé ìwẹ̀. Mo ń gbọ́ tó ń bì.

Ó jáde, ó ní kí n lọ sọ fún Doyle, kí n lọ sọ fún ọlọ́pàá, kí n lọ sọ fún Garland, kí n dá lọ, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ó kó aṣọ lọ sílé Odessa àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn. Doyle bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Garland nìkan ni kò gbé ohùn sókè. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì mí.

“Èmi ni mo kọ́ Mísì Nadine pé kó dúró títí ẹni náà yóò fi sọ̀ kalẹ̀ kó tó yìnbọn,” ló wí. “Àwọn olùkọ́ mìíràn ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé kí wọ́n má dúró.”

Mo wá ohun tí mo lè kórìíra lójú rẹ̀. Mi ò rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹwàá

Nadine wá mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú lórí pé mo tẹ̀ lé òun mọ́, ìyẹn kéré.

“Nígbàkigbà tí mo bá dijú, mo máa ń yìnbọn lu ẹni inú pikọ́ọ̀pù náà,” ló sọ. “Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rìn lọ wo ẹni tó jẹ́.”

Ó ní òun ti dá ìbọn náà padà fún Garland, kó tà á. Ọwọ́ òun ò lè gbé e mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, ilé ìyá àgbà Teague ló kọ́kọ́ ń lọ, lójú ọ̀nà Brushy, lọ́wọ́ òfo, láìsí ìbọn.