Ọkọ̀ Maragat àti Bodè Méyọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Ọ̀wàrà

Ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ dé láti ọ́fíìsì Méyọ̀ lónìí. Mo wá ọkọ̀ Maragat nínú rẹ̀. Mo wá a lábẹ́ ètò ìlera, mo wá a lábẹ́ owó àjálù, mo wá a títí dé ewé tó kẹ́yìn. Kò sí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni bodè tuntun sí ẹnu ìwọ̀lú – oníná, pẹ̀lú ère méjì ti obìnrin onírù ẹja, orúkọ Méyọ̀ Crisanto Villaroja gàdàgbà lórí rẹ̀.

A ti ní bodè! Ó wà níbẹ̀ digbí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí ìyẹn.

Ní oṣù Keje, gbogbo abúlé pé sí gbọ̀ngàn ìlú láti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn ará erékùṣù Maragat ní àwọn ò fẹ́ nǹkan méjì: ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó lè gbé aláìsàn la òkun kọjá wá sí ilé ìwòsàn. Gbogbo wa nawọ́ sí i. Méyọ̀ pàápàá nawọ́. Mo rí ọwọ́ náà, mo rí aago tó wà níbẹ̀.

Láti òní lọ, Oníbodè lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Inú ṣì ń bí mi. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 21 Ọ̀wàrà

Ìjókòó ìgbìmọ̀. Ẹnjiníà fi odindi òwúrọ̀ ṣàlàyé irú iná tí yóò máa tàn lójú àwọn ère rẹ̀. Mo béèrè ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ètò ìdàgbàsókè ní ọkọ̀ ò sọnù o, wọ́n kàn sún un síwájú ni. Mo bi í bóyá ó ti bá àwọn aboyún Maragat sọ ọ́, kí àwọn náà sún ìrọbí síwájú. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Mo ní kí a fi ọkọ̀ kún un lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé ka òfin sí mi létí, bí ẹni ń kà á fún ọmọdé: ìgbìmọ̀ lè gé nínú ìṣúná Méyọ̀, kò lè fi nǹkan kan kún un. Ọwọ́ Méyọ̀ nìkan ló lè fi kún un. Ohun tó kù fún wa ni pé kí a kọ̀ ọ́. Bí a bá kọ̀ ọ́ tí ọdún sì yí, ìṣúná tèṣí ni a ó máa lò, owó oṣù nìkan ni yóò máa jáde. Kò ní sí bodè. Oníbodè ò lè gba ìyẹn. Tí kò bá ti lè gbà á, yóò jókòó bá wa sọ̀rọ̀.

Àwa mẹ́jọ là ń dìbò. Bí a bá pín sí méjì, igbákejì Méyọ̀ tó ń darí ìjókòó ni yóò fi ìbò tirẹ̀ já a, òun àti Oníbodè ò sì kí ara wọn mọ́. Nítorí náà, mẹ́rin ni mò ń wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Ọ̀wàrà

Mo lọ sí Maragat. Idang ń sá ẹja lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Òun ni ìyá Maylin. Èmi ni mo kọ́ Maylin ní ìwé kí n tó di kánsẹ́lọ̀ – ọmọ tó máa ń kọrin nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò, tí mo máa ń bá wí nítorí rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún yìí ni ó kú nínú bangka, ọkọ̀ onígi tẹ́ẹ́rẹ́ wọn, lórí omi, tòun toyún inú, nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Àbúrò rẹ̀, Analyn, ló lóyún báyìí. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni yóò bí.

Mo sọ fún Idang pé ọkọ̀ ti kúrò nínú ìwé. Kò sunkún. Ó ń yí ẹja padà.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ ṣáà ní ká nawọ́, a nawọ́. Ṣé ọwọ́ tá a nà yẹn la ó fi gbé Analyn la òkun?"

Ó di ẹja fún mi pé kí n gbé e lọ sílé. Ìtìjú ẹja náà wúwo ju ẹja lọ.

Ọjọ́ Ajé, 4 Bélú

A ti pé mẹ́rin! Èmi, Bàbá Teban, àtàwọn méjì tó máa ń tẹ̀ lé e. Bàbá Teban ti wà nínú ìgbìmọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé. Ó fi sàréè ìyàwó rẹ̀ búra fún mi pé òun ò ní nawọ́ sí bodè yẹn láéláé. Ó ní ìgbéraga ọkùnrin yẹn ti pọ̀ jù.

Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn ìlú ti ń fi ojú burúkú wò mí. Wọ́n ti parọ́ fún wọn pé èmi ni mo fẹ́ dá iṣẹ́ wọn dúró nínú ọdún tuntun. Mo kí obìnrin tó ń gbálẹ̀, kò dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 7 Bélú

Oníbodè fẹ́ ṣe ìsàmì ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ náà ti ń rìn! Ó ti ń sáré! Gbogbo ìgbà tó fi ń rá, kò sẹ́ni tó rántí omi ìsàmì, àfi ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ wo àwọn tó yàn ní òbí ìsàmì: Bàbá Teban, àwọn méjì rẹ̀, èmi. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an.

Mo ní mi ò lọ. Nanay, ìyá mi, ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní a kì í kọ ọmọ tí wọ́n bá fi lọ̀ wá, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tirẹ̀ níta. Mo ní, Nanay, pàkúté ni.

"Mo mọ̀ pé pàkúté ni. Lọ lọ aṣọ rẹ."

Ọjọ́ Àìkú, 10 Bélú

Mo lọ. Mo gbé ọmọ. Ọmọ náà gé mi jẹ. Nínú gbogbo ìdílé náà, òun nìkan ló fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹlẹ́dẹ̀ sísun, núdù pansit, ọtí. Oníbodè ń ti tábìlì kan bọ́ sí èkejì. Láti òní, kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ ni mo jẹ́ sí i mọ́, "Mare" ni mo jẹ́, òun náà sì di "Pare" mi – ẹni tó bá bá ọ gbé ọmọ síbi omi ti di ẹbí, a kì í sì í dìde sí ẹbí ní gbangba. Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bu awọ ẹlẹ́dẹ̀ tó dùn jù sínú àwo Bàbá Teban fúnra rẹ̀. Bàbá Teban jẹ ẹ́. Mo jókòó, mò ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ró kàrà-kàrà.

Ọjọ́ Ajé, 11 Bélú

Ẹnu jẹ, ojú tì. Bàbá Teban ò lè wò mí. Nígbà tí ìjókòó parí, ó dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ofelia, ọmọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún Pare mi? Ó kù díẹ̀ káàtó."

Mo bi í pé sàréè ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ìyàwó òun náà ìbá lóye. Àwọn méjì rẹ̀ ti bá ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi nìkan ló kù. Ìbò ìkẹyìn di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ọ̀pẹ̀.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀! Ìwọ̀nba awọ ẹlẹ́dẹ̀!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Bélú

Mò ń fọṣọ, mò ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó kan aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí ìsàmì ni ọ̀rọ̀ Nanay padà wá sí mi létí. A kì í kọ ọmọ tí wọ́n bá fi lọ̀ wá. A kì í kọ̀ ọ́ – olówó ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, Méyọ̀ náà ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́.

Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi. Mo wọ bangka lọ sí ọ̀dọ̀ Idang.

Ọjọ́rú, 20 Bélú

Idang ṣe é! Oníbodè ń bọ ọwọ́ káàkiri ọjà bó ṣe máa ń ṣe, iná fótò ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Idang mú Analyn àti ikùn rẹ̀ lọ dúró níwájú rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́ja. Ó ní àwọn fi ọmọ tó wà nínú yìí lọ̀ ọ́, kó wá ṣe bàbá ìsàmì rẹ̀. Gbogbo ọjà ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé ikùn Analyn, ó gbà. Ó rò pé ìbò ni òun rí he.

Kò béèrè ibi tí wọn yóò ti ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Bélú

Analyn ti bí. Ọkùnrin. Ọjọ́bọ̀ ni ìrọbí mú un, afẹ́fẹ́ àríwá sì ń jà. Wọ́n gbé bangka sómi, omi dá a padà. Wọ́n tún gbé e, ó tún dá a padà. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní erékùṣù ló gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ya lára Analyn títí ilẹ̀ fi mọ́. Idang ní òun ti ń wá aṣọ funfun tí òun ó fi wé e.

Ó yè é. Gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n mò ń wa eyín pọ̀. Ìlú tó ń ra iná sójú ère!

Ọjọ́bọ̀, 5 Ọ̀pẹ̀

Oníbodè ti gbọ́ pé Maragat ni ìsàmì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Fadá máa ń lọ síbẹ̀, ọjọ́ ọdún ilé ìsìn wọn, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ ìlú fún òun. Wọ́n rán an létí pé ìlú ò ní ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti jókòó.

Ó wá ní òun yóò rán dírẹ́bà òun kó dúró fún òun. Ìyẹn náà kì í ṣe èèwọ̀. Idang fi èsì ránṣẹ́ láti ìsọ̀ ẹja rẹ̀, ó sì ti gba gbogbo ìlú kan:

"Kò burú. Ẹ kí i. Ẹni tó bá rán sí wa náà la ó dìbò fún."

Ọjọ́ Àìkú, 8 Ọ̀pẹ̀

Ó wá. Aṣọ barong funfun, bàtà dídán, nínú bangka Idang. Èmi, òun, Fadá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Idang lẹ́yìn tó ń tọ́ ọkọ̀. A ò tíì jìnnà tí ìgbì fi bò wá. Ó di igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ó bì. Ó bì sí barong, ó bì sómi, ó tún bì nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú mọ́. Fadá ń gbàdúrà.

Nígbà tó yá ó bi mí, ojú rẹ̀ ti funfun: "Mare, ó ha kù púpọ̀ bí?"

Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún un láti oṣù Ọ̀wàrà. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tó jáde ni:

"Ibí ni Maylin kú sí, Pare."

A gúnlẹ̀. Ní ilé ìsìn, òun ló gbé ọmọ. Idang ló ràn án lọ́wọ́ di orí ọmọ mú.

Ó wo òkun títí kó tó gbà láti wọ bangka padà.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ọ̀pẹ̀

Ìwé ìṣúná tuntun dé láti ọ́fíìsì Oníbodè. Ọkọ̀ ti wọlé. Ère ti jáde. Wọ́n á kan kun bodè àtijọ́.

Bàbá Teban pè mí láti bá mi yọ̀. Mo pa fóònù.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo ti jókòó láti ọ̀sán, mò ń dúró de ìdùnnú. Ikú Maylin kọ́ ló ra ọkọ̀ yìí. Ọwọ́ tí gbogbo wa nà lóṣù Keje kọ́, òfin kọ́, èmi kọ́. Èébì Oníbodè ló rà á. Kí ènìyàn tó rí ọkọ̀ gbà ní ìlú yìí, àfi kí ìgbì ta sí Méyọ̀ lára.

Ọjọ́ Ajé, 16 Ọ̀pẹ̀

Wọ́n ka ìṣúná ní ìkẹyìn. Ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ ọkọ̀ sí, wọ́n fi kún un pé orúkọ Méyọ̀ Crisanto Villaroja yóò wà lára rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo ti dìde láti sọ̀rọ̀. Idang wà lẹ́yìn mi gan-an láàárín àwọn ará ìlú, ọmọ Analyn lórí itan rẹ̀. Ó fa ẹ̀yìn aṣọ mi.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ó kọ ọ́. Kó kọ ọ́ gàdàgbà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò bá dé, a ó mọ orúkọ tá a máa pè."

Mo jókòó. Mo nawọ́.