Ó Ní Òun Ti Yó

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ojú tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àkọ́bí wa ló ń ka lẹ́tà yìí sí ọ létí.

Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tí mo ń kọ́ ní ìwé kíkà níbí, ariwo lásán ni wọ́n! Bí ayékòótọ́ ni wọ́n ń kàwé. Lánàá, wọ́n ka ìtàn bàbá arúgbó kan tó ní òun ti yó, tí ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ìkòkò. Mo ní, "Ṣé bàbá yìí yó lóòótọ́?" Gbogbo wọn hó yèè: "Ó yó, sà! Ó wà nínú ìwé!" Ọ̀gá ilé-ìwé wa, àgbá òfìfo bíi tiwọn, tún ń pàtẹ́wọ́. Ó ní wọ́n kà á já geere. Mo kàn pòṣé ni.

Èmi ò níṣòro kankan o. Yàrá mi tutù dáadáa, òjò gan-an máa ń wọlé wá kí mi. Mo ń jẹun, mo ń yó. Okùn ni mo fi ń de ṣòkòtò báyìí, ó sì yẹ mí.

Bá mi kí ìyá mi. Tí ọmọ wa bá kà á tán, bi í léèrè pé báwo ni bàbá ẹ̀ ṣe wà. Tó bá ní ara mi le, kò tíì mọ̀wé kà.