Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Fẹ̀sùn Òjóró Kan Míìsì

Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kọkànlá 2024

Míìsì tún gba ife eré ọkọ̀ wa! Pápá tí wọ́n ti ń la pákó tẹ́lẹ̀ ní Ìlọrà kún fọ́fọ́, eruku bò wá bí ẹni yíràá nínú èlùbọ́. Sìrájù tó ń lẹ táyà ló to àwọn táyà àlòkù síbẹ̀ bó ṣe máa ń tò ó — kí kálukú wakọ̀ gba àárín wọn, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ẹni tó bá yá jù láìfara kan táyà ló gbégbá orókè. Èmi mẹkáníìkì, tí mo fọwọ́ ara mi to ẹ́ńjìnnì Àdùkẹ́, ọkọ̀ Gọ́ọ̀fù mi, mo ṣe ipò kejì. Lẹ́yìn ta ni? Lẹ́yìn Beatrice, tíṣà kan láti Awẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Míìsì, tó ń wa Máíkírà tí wọ́n fi wáyà so bọ́ńpá rẹ̀.

Mo mọ ọkọ̀. Òjóró wà níbẹ̀.

Àìkú, 3 oṣù Kọkànlá

Mi ò gbọ́ ìwàásù. Ẹ́ńjìnnì Máíkírà ni mò ń tú palẹ̀ lọ́kàn mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kọkànlá

Mo ti sọ ọ́. Mo lọ bá Bàbá Obadiah, alága ẹgbẹ́ wa, àwọn tó ń di aago eré mú. Mo ní nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ Míìsì. Bàbá ní, "Adégòkè, ṣé o rántí òfin wa?"

Mo rántí. Bí awakọ̀ bá fẹ̀sùn òjóró kan ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ọkọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bí Míìsì bá fi Àdùkẹ́ yá ju èmi lọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, èmi ni n ó fi eré sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí kò bá rí i ṣe, a lé e lọ, a sì gba gbogbo ife ọwọ́ rẹ̀. Mo ní mo gbà, ó di Àbámẹ́ta. Ẹnu mi yìí náà!

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kọkànlá

Míìsì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Inú ò bí mi. Mo kàn fẹ́ bi yín bóyá gíà Àdùkẹ́ máa ń le." Mo ní kò le. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹni tó ń ṣe òjóró kì í bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹtì, 8 oṣù Kọkànlá

Sìrájù ní bí tíṣà bá fi ọkọ̀ mi nà mí, kí n yáa kó lọ sí Fìdítì, kí n lọ máa ta ọ̀pẹ òyìnbó. Ó rín mi fín títí mo fi lé e lọ.

Ọ̀sán ni. Kò sẹ́ni nítòsí. Mo fi jáàkì gbé Àdùkẹ́ sókè, mo fún bíréèkì ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì le — díẹ̀. Díẹ̀ péré. Kí táyà yẹn máa fà.

Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kọkànlá

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wakọ̀. Mo wọ Máíkírà — Olúwa ò! Sítíárì ń gbọ̀n, gíà kejì ń já kúrò níbi tí mo fi í sí, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo kọlu táyà méjì. Irú ọkọ̀ yìí ló fi ń nà mí!

Ó kan Míìsì. Bó ṣe kúrò níbi ìbẹ̀rẹ̀ ni Àdùkẹ́ fà sí òsì. Mo ní ó ti parí. Kò parí. Ó lo ìfà yẹn! Níbi tí ọ̀nà bá ti yí sí òsì, ó jẹ́ kó máa fà á lọ, kò tẹ bíréèkì rárá. Níbi tó bá ti yí sí ọ̀tún, ó ti yí ọwọ́ kó tó débẹ̀, ìdí Àdùkẹ́ á rọra yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó sùn kọjá. Kò fara kan ẹyọ kan. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí mọ́tò, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Bàbá Obadiah gbé aago sókè: ó yá ju gbogbo ohun tí mo ti fi Àdùkẹ́ ṣe rí lọ.

Wọ́n ń hó. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tú bíréèkì ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ kó tó jóná."

Kò sọ fún ẹlòmíì.

Àìkú, 10 oṣù Kọkànlá

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 11 oṣù Kọkànlá

Mo lọ dúró dè é lẹ́nu géètì ilé-ìwé ní Awẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ — èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó sáré gbé mi dìde, ojú ń tì í nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo bi í ìgbà wo ló mọ̀. Ó ní kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí ló dé tí kò dúró, kó pariwo, kí wọ́n lé mi? Ì bá ti pàdánù gbogbo ife ẹ̀, kó sì gbé orúkọ burúkú lọ.

Ó wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é ni."

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ Bàbá Obadiah lọ. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní n ò ní wakọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí mọ́ láéláé. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n má lé mi kúrò níbi tí àwọn èèyàn ti ń wòran bí Míìsì bá ń wakọ̀.