Ọjọ́ Tí Mo Pe Bọ̀dá Fẹ́mi Ní Àlejò

Màámi, ẹ̀yin tí nọ́ńbà yín ṣì wà nínú fóònù mi,

Kérésì ti kọjá. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo wọn ti lọ, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ara gbé jókòó kọ èyí sí yín. Orí fóòmù tí mo yá lọ́wọ́ ìyá Tósìn, tó ń gbé lókè ilé wa, ni mo jókòó sí. Mi ò tíì ní okun láti gbé e padà fún un. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ ti máa bú mi pé kí n lọ dá nǹkan onínǹkan padà.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé a ò ní yàrá yín ní Ìdógún mọ́? Ta ló máa sọ fún yín? Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí bàbá wa ní yàrá kì í ṣófo nínú ilé ẹbí, wọ́n sì fi fún ìyàwó ọmọ àbúrò bàbá wa. Mi ò lè ní wọ́n ṣẹ̀ wá. Ilé ẹbí ni, ẹ̀yin náà ò fìgbà kan pè é ní tiyín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti ń ṣe Kérésì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, àwa ọmọ mẹ́ta, kó tó wá di àwa àti ìyàwó àti ọmọ, gbogbo wa nínú yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Bí oṣù kọkànlá ṣe wọlé ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo wò ó pé bí a ò bá péjọ sójú kan lọ́dún àkọ́kọ́ tí ẹ ò sí yìí, a ò ní péjọ mọ́ láéláé. Bọ̀dá Fẹ́mi á jókòó sí Ìbàdàn rẹ̀, Bùnmi á wà ní Àbújá, èmi á wà ní Ọ̀wọ̀ níbí nídìí iṣẹ́ kánsù, a ó sì máa fi fóònù kí ara wa títí ọ̀kan nínú wa á fi kú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, òun nìkan náà ni. Ni mo bá ní kí gbogbo wọn wá ṣe ọdún lọ́dọ̀ mi.

Ẹ mọ ilé mi. Yàrá kan àti pálọ̀, pẹ̀lú ilé ìdáná tí ènìyàn méjì ò lè yí nínú rẹ̀ láìforí gbára. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ilé ẹni tí kò fẹ́ràn ènìyàn ni. Màámi, mo tún un ṣe. Mo kun ògiri fúnra mi, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ irun mi débi pé mo ní láti gé e. Mo tú bẹ́ẹ̀dì mi palẹ̀ kí àyè lè gba fóòmù mẹ́ta. Mo ra kọ́tíìnì. Mo ká aṣọ ìnura sórí ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan, mo fi ọṣẹ kékeré lé e, bí mo ṣe rí i ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó wa lọ fún ìpàdé ní Àkúrẹ́. Mo to sílípáàsì sẹ́nu ọ̀nà ní méjì méjì. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, ìgbà tí omi ń wá àti ìgbà tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹni tó bá dé, ẹ ó ti rán an níṣẹ́ kó tó bọ́ bàtà: kó bá yín gbé odó, kó lọ wo iná. Ẹ ó pe orúkọ gbogbo wa tán kí ẹ tó kan orúkọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ibi tí oorun bá ká kálukú mọ́ ló ń sùn sí. Ọdún kan wà tí Bọ̀dá Fẹ́mi fi àpò gààrí rọrí, tòun ti ọ̀gá tó ti dà níbi iṣẹ́. Mo máa ń rò pé àìní ló fà á, pé ká ní ọwọ́ yín tó o ni, ẹ ò bá ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé àìní ni, Màámi? Àbí ẹ mọ nǹkan tí èmi ò mọ̀?

Nígbà tí mo parí, inú mi dùn. Mo ya fọ́tò ilé náà, mo fi ránṣẹ́ sórí Wọ́tsáàpù ẹbí wa, mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, ẹ̀yin àlejò mi pàtàkì, ibùsùn yín ti wà nílẹ̀ o. Eré ni mo ń ṣe. Bùnmi rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Fẹ́mi ò fèsì títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó máa fèsì, ọ̀rọ̀ méjì péré ni: Àlejò kẹ̀?

Ẹyin lohùn. Ẹ sọ ọ́ fún mi títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó yín. Àkọ́bí yín, ẹni tó pọ̀n mí lọ sóko nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí, òun ni mo pè ní àlejò lójú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, nínú ọdún tí ìyá wa kú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yàrá ìyá wa fún ẹlòmíì. Mo pè é lórí fóònù, mo kúnlẹ̀ sínú pálọ̀ bí ẹni pé ó ń rí mi. Ó ní kò sí nǹkan kan, kí n má dààmú ara mi. Ká ní ó bú mi ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Ẹni tó ṣì kà ọ́ sí àbúrò ló ń bú ọ.

Wọ́n wá o, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Bùnmi ló kọ́kọ́ dé, Bọ̀dá Fẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì dé lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì dúró síta títí mo fi lọ ṣí i. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ sílípáàsì. Àwọn ọmọ jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n ń tọrọ àyè kí wọ́n tó mu omi. Màámi, ẹ wá gbọ́ èyí: Yorùbá tí a fi ń bá ará ìta sọ̀rọ̀ ni Bọ̀dá Fẹ́mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu Ìdógún. Mo fi ẹnu ilé bá a sọ ọ́, ó fi Yorùbá Ìbàdàn dá mi lóhùn. Mo gún iyán, ó kúná. Ó jẹ ẹ́, ó yìn mí, ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́. Bọ̀dá Fẹ́mi fi iyán sílẹ̀! Ẹni tí ẹ máa ń gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kan jà. Ọdọọdún la máa ń jà ní Ìdógún, lórí ẹran, lórí ẹni tó tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀ lójú oorun. Lọ́dún yìí, gbogbo wa ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣeun, ẹ má bínú. Mo wọ bálùwẹ̀, mo ṣí omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má baà gbọ́ pé mò ń sunkún.

Ọdún tuntun la máa ń dúró dè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ kejì Kérésì ni wọ́n lọ. Wọ́n ká gbogbo aṣọ ibùsùn padà bí mo ṣe ká a. Bọ̀dá Fẹ́mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ pé mo ṣe àwọn lálejò dáadáa. Kì í ṣe pé ó fi gún mi lára. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ohun tó pa mí nìyẹn.

Ó sú mi, Màámi. Mi ò mọ bí a ṣe ń tún irú nǹkan báyìí ṣe. Lánàá, mo wọ mọ́tò, mo wá sí Ìdógún kí n lè jókòó ti sàréè yín lẹ́yìn ilé. Ìyàwó tó wà ní yàrá yín rí mi, ó sáré jáde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu àga fún mi. Ènìyàn rere ni. Mo ní kó jọ̀ọ́, ṣé mo lè wọlé lọ wo yàrá yẹn díẹ̀. Ó ní kò burú rárá, àmọ́ kí n ṣe sùúrù, kí òun kọ́kọ́ tún inú ilé ṣe ná.

Mo jókòó síta. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbálẹ̀ yàrá yín nítorí mi.

Ọmọ yín ṣì ni mí, mo sì fẹ́ràn yín ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ,
Èmi, láti Ọ̀wọ̀.